Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ìlú Ọjọ́ Iwájú Sórí Tábìlì, Tí Ojú Á Fi Gbà Pé Ìlú Ni

Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ga tó mítà 105. Ti orí tábìlì mi, tó kéré sí i ní ìlọ́po 100, ga ní sẹ̀ǹtímítà 93, nítorí pé nínú ìlú àròsọ tí mò ń kọ́, omi ti bo àjà mẹ́ta ìsàlẹ̀ rẹ̀, n kò sì kọ́ ohun tí ojú kò ní rí. Páálí ni mo fi kọ́ ọ. Mo fi fóònù ya fídíò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, mo sì gbé e fún ìyá mi kí wọ́n wò ó. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní, "Ọkùnrin tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi yìí, ṣé kò ní ṣubú báyìí?" Wáyà àti àkísà ni ọkùnrin náà. Kò ga ju ìka ọwọ́ mi lọ.

Ẹ̀rù tó bà wọ́n yẹn ni mò ń wá láti ìgbà tí mo ti ń wo fíìmù àròsọ sáyẹ́ǹsì: kí ènìyàn rí ìlú tí kò sí níbì kankan, kí àyà rẹ̀ sì já fún ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó ló ń ṣe é. Owó wúlò, n kò jiyàn. Àmọ́ ohun tí ojú fi ń mọ̀ pé nǹkan tóbi kò pọ̀ rárá: ìwọ̀n, ibi tí a ti ń wò ó, bí àwọ̀ òkèèrè ṣe ń ṣì, bí nǹkan ṣe ń yára rìn, àti ìdọ̀tí. Ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn, páálí á di òkúta. Ẹ rú ọ̀kan nínú wọn, ojú á mọ̀ lójú ẹsẹ̀, kódà bí ẹnu kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ fún ayé náà ní òfin kan

Kí ẹ tó fọwọ́ kan páálí, ẹ jókòó, kí ẹ kọ gbólóhùn kan tó sọ ohun tó yí padà nínú ayé yín. Gbólóhùn kan ṣoṣo. Tèmi rèé: Odò Ògùnpa kún, kò sì fà mọ́.

N kò rìn jìnnà kí n tó rí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa ya bo Ìbàdàn, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé ènìyàn lọ. Nígbà tó yá, omi náà fà. Nínú ayé tèmi, kò fà. Gbogbo ìyókù, inú ìyẹn ni wọ́n ti jáde.

Lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, ẹ máa bi ara yín ní ìbéèrè bí ẹni ń yin àgbàdo kúrò lára ṣùkù rẹ̀. Níbo ni wọ́n ń sùn? Orí òkè ni, Mápó àti Òkè Àrẹ̀, ilé á wá gun orí ilé níbẹ̀ nítorí ilẹ̀ ti há. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọjá láti òkè kan sí èkejì? Ọkọ̀ ojú omi ni, àti wáyà tí wọ́n ta láti orí òkè dé orí òkè. Kí ni wọ́n ń mu? Omi tó bo ìlú ti bàjẹ́, nítorí náà omi òjò ni wọ́n ń gbà, gbogbo òrùlé ló ní àgbá. Kí ni Ilé Kòkó wá dà? Ó di èbúté, ojú fèrèsé àjà kẹrin ni wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́.

Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun tí ojú máa rí: àgbá, wáyà, okùn tí wọ́n so mọ́ fèrèsé, ẹja tí wọ́n sá sórí páànù. Ohun tí kò bá dáhùn ìbéèrè kankan, ẹ yọ ọ́. Mo ti kọ́ mọ́tò kan tó ń fò, ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin, ó sì dára débi pé mo gbé e sórí férémù dígí nínú yàrá. Síbẹ̀, mo yọ ọ́ kúrò nínú ìlú náà. Bí mọ́tò bá lè fò n'Ìbàdàn, kí ló dé tí ẹnì kan fi ń wa ọkọ̀ ojú omi? Ohun kan tó rẹwà ju òfin lọ, ó ti tó láti ba ayé náà jẹ́.

Òfin tó fìdí múlẹ̀ nínú ohun tí a ti mọ̀ ló ń lágbára jù. Nínú eré Ìwájú tí Disney àti Kugali gbé jáde lọ́dún 2024, Èkó ọjọ́ iwájú la rí, ṣùgbọ́n ààlà tó wà láàárín Island àti Mainland ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró, ààlà tí ọmọ Èkó ti mọ̀ kó tó mọ ABD.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣe ìṣirò ìwọ̀n

Ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ mú rúlà.

Ìlú mi ní ìlà mẹ́ta. Ìlà iwájú jẹ́ 1:25, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún sẹ̀ǹtímítà 25. Ìlà àárín, níbi tí Ilé Kòkó wà, jẹ́ 1:100. Ìlà ẹ̀yìn, tó jẹ́ òkè àti òrùlé tó rọ̀gbà yí i ká, jẹ́ 1:500, páálí pẹlẹbẹ tí mo gé ojú rẹ̀ ni wọ́n, wọn kò ní ẹ̀yìn. Ohun tí èyí ń ṣe ni pé ó ń na yàrá kékeré gùn. Ẹ mú bí nǹkan ṣe jìnnà sí kámẹ́rà, kí ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Ọkọ̀ tó wà ní 40 sẹ̀ǹtímítà, ní 1:25, á dà bí ohun tó wà ní mítà 10. Ilé Kòkó tó wà ní mítà 2, ní 1:100, á dà bí ohun tó wà ní mítà 200. Òkè tó wà ní mítà 3, ní 1:500, á dà bí ohun tó wà ní kìlómítà kan ààbọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò kọjá tábìlì méjì tí mo so pọ̀.

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí Ridley Scott ń ya fíìmù Alien, tó jáde lọ́dún 1979, ó wọ aṣọ arìnrìn-àjò òfuurufú kékeré fún àwọn ọmọdé, àwọn ọmọ tirẹ̀ sì wà lára wọn, kí ohun tí wọ́n kọ́ lè dà bí èyí tó tóbi jù bó ṣe rí lọ. Ara ènìyàn ni òṣùwọ̀n tí ojú kọ́kọ́ ń gbé nǹkan lé.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Bí ìwọ̀n bá ti ń kéré lọ sẹ́yìn, ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ máa dagun. Ẹ jẹ́ ká ní ẹni tó ń wo ìlú náà dúró sínú ọkọ̀, tí ojú rẹ̀ sì fi mítà 1.6 ga ju omi lọ. Ní ìlà iwájú, ìyẹn jẹ́ 6.4 sẹ̀ǹtímítà láti ojú omi dé ojú kámẹ́rà. Ní ìlà àárín, 1.6 péré ni. Ní ìlà ẹ̀yìn, kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Bí ẹ bá tẹ́ gbogbo wọn sórí tábìlì tó tẹ́jú, ilé ẹ̀yìn á dà bí ẹni pé inú kòtò ló wà. Nítorí náà mo fi pákó gbé ìlà àárín sókè ní 4.8 sẹ̀ǹtímítà, mo sì gbé ìlà ẹ̀yìn ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú kámẹ́rà dọ́gba. Láti ẹ̀gbẹ́, ó dà bí ohun tó fẹ́ ṣubú. Ẹ lọ wò ó láti ojú fóònù.

Fún Ilé Kòkó, alájà 26 ni, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 4 ni àjà kọ̀ọ̀kan ní 1:100. Mo fàlà sí i kí n tó gé e, mo fi abẹ gé fèrèsé, mo sì lẹ bébà ọ̀rá mọ́ ẹ̀yìn wọn.

Páànù ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ fún, nítorí pé Ìbàdàn láìsí páànù tó ti dípẹtà kì í ṣe Ìbàdàn. Ẹ wá páálí tín-ín-rín, èyí tí inú rẹ̀ rí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbì, kì í ṣe páálí Indomie, tirẹ̀ ti nípọn jù. Ẹ fi kànrìnkàn tutù nu ojú kan rẹ̀, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì bó bébà òkè kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Páànù á yọ sí yín. Láti ìgbì kan sí èkejì lára páálí bẹ́ẹ̀ máa ń tó mìlímítà 3. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 25, ẹ ó rí i pé ó bá páànù gidi mu. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan 1:25 fún iwájú. Àmọ́ ní 1:100, ìgbì yẹn á ga bí igi àjà, ẹ má lò ó níbẹ̀. Fóìlì tí wọ́n fi ń wé ẹran ni kí ẹ tẹ́ sórí ìyarun eléyín wẹ́wẹ́, kí ẹ fi èékánná ra á. Ní ìlà ẹ̀yìn, pẹ́ńtì nìkan ti tó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ dọ̀tí rẹ̀

Ohun tuntun kì í tóbi lójú. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Star Wars tó jáde lọ́dún 1977, àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ òfuurufú kékeré ra àpótí ohun ìṣeré oníke, ti ọkọ̀ ogun àti ti ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n tú wọn, wọ́n sì lẹ ẹ̀ya ara wọn mọ́ ọkọ̀ tiwọn títí tí kò fi sí ibi tó dán. Wọ́n tún fi pẹ́ńtì sọ ọ́ di ohun àtijọ́ tí wọ́n ti ń lò tipẹ́. Ojú rí wíríwírí yẹn, ó sì pinnu pé ohun tó ní ẹ̀ya tó bẹ́ẹ̀ kò lè kéré.

Lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe máa ń kó bọ́ọ̀dù tó ti kú jọ. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ fi pílásì tú àwọn ohun kéékèèké orí rẹ̀: èyí tó rí róbótó á di àgbá omi, èyí tó ní ẹsẹ̀ púpọ̀ á di ẹ̀rọ tó wà lórí òrùlé. Ẹ kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ eérú kan náà kí ojú má bàa dá wọn mọ̀. Fún ìpẹtà, ẹ jọ iyẹ̀pẹ̀ pupa títí tó fi kúnná bí èlùbọ́, ẹ pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà tí ẹ ti fi omi là, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kàn án lára. Ìpẹtà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi ń dúró sí, lẹ́bàá ìṣó àti létí òrùlé, kì í tàn káàkiri bí ẹní. Ẹ jáde síta, kí ẹ wo òrùlé aládùúgbò yín dáadáa kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Omi, ẹ má lo omi

Ìlú mi àkọ́kọ́, omi gidi ni mo bù sínú ọpọ́n ńlá. Páálí fa omi mu láti ìsàlẹ̀, ilé méjì dojú dé lóru. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni fídíò tí mo yà kó tó wó: omi náà rọ̀ mọ́ ara ògiri bí ìgbà tó ń gun ẹ̀gbẹ́ ife, ẹ̀kán kan tó já bọ́ síbẹ̀ tóbi bí orí ènìyàn. Ọpọ́n ni gbogbo ẹni tó wò ó rí. A lè ké ilé kúrú, a kò lè ké omi kúrú. Ẹ̀kán omi ní bí ó ṣe máa ń tóbi mọ, níbikíbi tó bá wà. Àti pé, bí mo ṣe sọ lókè, ilẹ̀ wa ti dagun. Omi kò sì ní dúró lórí ohun tó dagun.

Dígí fèrèsé ni mo ń lò báyìí. Mo kun abẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ omi ẹrẹ̀, mo fi dúdú díẹ̀ sí ibi tó yẹ kó jìn. Lórí rẹ̀, mo fi jẹ́lì irun tí kò ní àwọ̀ ṣe ìgbì, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: níwájú, ìgbì fẹ̀ bí èékánná, lẹ́yìn, ó tín-ín-rín bí irun. Ibi tí dígí bá ti kan ògiri ilé, mo fa ìlà dúdú sí i, mo sì fi àwọ̀ ewé kun òkè rẹ̀ díẹ̀, nítorí gbogbo omi tó bá pẹ́ lára ògiri máa ń fi àmì sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ mú ọyẹ́ wọ yàrá

Ẹ gun Mápó ní oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá ń jà. Páànù tó wà nísàlẹ̀ yín pupa gbẹ̀dẹ̀. Èyí tó wà lápá ọ̀hún ti ṣì. Èyí tó wà létí ọ̀run ti di funfun. Báyìí lojú ṣe ń ka ọ̀nà jíjìn, tábìlì yín kò sì ní afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó láàárín ilé àti ilé. Ẹ̀yin lẹ ó fi í síbẹ̀.

Ní ti fíìmù Blade Runner tó jáde lọ́dún 1982, èéfín ni wọ́n fi kún yàrá tí wọ́n ti ń ya ìlú kékeré wọn. Ẹ lè dá tùràrí nínú yàrá tí a ti tì, kí ẹ dúró títí èéfín á fi tẹ́ kárí, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù, ó sì ń ta ojú. Nẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ràn. Èyí tí wọ́n fi ń rán aṣọ ìyàwó ló dára jù, nítorí ihò rẹ̀ kéré; nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn náà á ṣiṣẹ́ bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ẹ lọ̀ ọ́ kó má ní ìkákò. Ẹ ta ẹyọ kan sí àárín ìlà iwájú àti Ilé Kòkó, kí ẹ ta méjì sẹ́yìn Ilé Kòkó. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kàn án, nẹ́ẹ̀tì á tàn díẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì ṣì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ta á, tí mo wo ojú fóònù, mo dìde dúró. Òkè tí mo fi páálí gé lọ́jọ́ tó ṣáájú ti lọ jìnnà réré.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìmọ́lẹ̀

Oòrùn ọ̀fẹ́ ni, ó sì dára ju gílóòbù lọ. Nítorí pé ó jìnnà, òjìji gbogbo ilé máa ń dojú kọ ọ̀nà kan náà. Bí ẹ bá gbé gílóòbù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, òjìji á fọ́n káàkiri bí ìka ọwọ́, ojú á sì mọ̀ pé nǹkan kékeré ni. Mo ń gbé tábìlì lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní aago 7 òwúrọ̀, kí afẹ́fẹ́ tó dìde gbé nẹ́ẹ̀tì mi.

Fún alẹ́, ẹ lo iná LED wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ Kérésì, èyí tó ń lo bátìrì. Ẹ má fi gílóòbù tó ń gbóná tàbí àbẹ́là sínú ilé páálí láéláé. Ẹ má tan gbogbo fèrèsé. Ìlú tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ ń tàn, kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Ìdí mìíràn wà tí mo fi ní kó jẹ́ oníbátìrì: gílóòbù tó ń lo iná ìjọba tàbí ti jẹnẹrétọ̀ máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú wa kò rí i, àmọ́ fóònù tó bá ń ya slow motion, ìyẹn fídíò tó ń lọ jẹ́jẹ́, á rí i, gbogbo ìlú á sì máa ṣẹ́jú.

Ìgbésẹ̀ keje: Ibi tí kámẹ́rà dúró sí, àti bí ó ṣe ń yára yà

Ẹ dorí fóònù kodò, kí lẹ́ńsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá gbé e dúró bí a ṣe máa ń gbé e, lẹ́ńsì á wà lókè, ẹ ó sì máa wo ìlú bí ẹyẹ, tàbí bí ọmọdé tó ń wo ohun ìṣeré. Nísàlẹ̀, ojú yín wà níbi tí ojú ará ìlú náà máa wà. Àtúnṣe kan yìí ló mú èrè wá jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí. Ẹ má lo ètò tó ń mú kí ẹ̀yìn ṣì nínú àwòrán ènìyàn. Ibi tí ẹ̀yìn bá ti ṣì bẹ́ẹ̀, tábìlì ló ń tọ́ka sí. Ẹ tẹ ojú fóònù lórí Ilé Kòkó, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ́ títí á fi dúró síbẹ̀.

Ó wá ku eré sísá. Ohun tó bá já bọ́ láti orí ilé tó ga ní mítà 120 á lo bí ìṣẹ́jú-àáyá 5 kó tó kanlẹ̀. Èyí tó bá já láti orí ilé kékeré tó ga ní mítà 1.2 kò ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ilé kéré ní ìlọ́po 100, àkókò kéré ní ìlọ́po 10. Òfin náà nìyẹn: ẹ wá nọ́ńbà tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ láti rí ìwọ̀n yín, kí ẹ fi sọ 24, ìyẹn iye àwòrán tí fíìmù fi ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, di púpọ̀. Fún 1:25, 5 ni, nítorí náà àwòrán 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fún 1:100, 10 ni, ó di 240. Ọ̀pọ̀ fóònù ní 120, àwọn kan sì ní 240. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ ní 24 nígbà tí ẹ bá ń ṣe àtúntò rẹ̀. Ohun tó ń rìn nínú fídíò ni kí ẹ fi yan nọ́ńbà: ọkọ̀ iwájú ló ń rìn nínú tèmi, nítorí náà 120.

Mo so okùn ìpẹja mọ́ ọkọ̀ náà, mo sì fà á ní sẹ̀ǹtímítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lójú, ó yára bí eku. Nínú fídíò, ó di ọkọ̀ tí ẹnì kan ń wà jẹ́jẹ́. Ọkùnrin inú rẹ̀ ga ní 6.8 sẹ̀ǹtímítà, ó kẹ̀yìn sí wa, mo sì fi àkísà bò ó léjìká. Okùn fà á díẹ̀ jù ní ìgbà kan, ó fì sí ẹ̀gbẹ́, ó sì padà. Mo fẹ́ pa á rẹ́, mo tún fi í sílẹ̀. Òun ni ìyá mi rí.

Bí ẹ bá fẹ́ ènìyàn gidi

Ẹ gbé ilé 1:20 sí mítà kan sí fóònù, níta gbangba. Kí ẹni tó ń ṣeré dúró sí mítà 20. Ìwọ̀n méjèèjì á dọ́gba. Ẹ so fóònù mọ́ igi kó má mira rárá, kí oòrùn kan náà kàn wọ́n láti ìhà kan náà, kí ẹ sì fi ìpẹ̀kun ilé kékeré bo ibi tó ti pàdé ilẹ̀ gidi.

Ní Jámánì, fún fíìmù Metropolis tó jáde lọ́dún 1927, dígí ìwojú ni Eugen Schüfftan lò. Ó dá a dúró ní ìdábùú síwájú kámẹ́rà, ó ha fàdákà ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò ní ibi kan, kámẹ́rà wá ń rí ilé kékeré nínú dígí, ó sì ń rí àwọn òṣèré láti ibi tó ti ha fàdákà kúrò. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin nígbà tí a bá ń ha á, kí ẹ sì lo ìbọ̀wọ́.

Kí ẹ tó tú tábìlì ká, ẹ wá ẹnì kan tí kò mọ ohun tí ẹ ń ṣe, kí ẹ fi fídíò náà hàn án, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan péré: "Àjà mélòó ni ilé yìí?" Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí ka fèrèsé láti ìsàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kó kà. Bí ó bá bi yín léèrè ohun tí ẹ fi kọ́ ọ, ẹ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ sọ lẹ́ńsì kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan sí i, kí ẹ ta nẹ́ẹ̀tì kan sí i, kí ẹ tún un yà.